Orí Kẹrin: Ìjà Tó Le àti Ìjà Tó Wọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, bọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù. Owó ló fà á: eré bọ́ọ̀lù kan kì í pẹ́ parí, ẹni tó sanwó wákàtí kan á rí owó rẹ̀ lò. Géèmù RPG kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn á gbé ẹ̀dá inú ìtàn wọ̀, á máa jà, á máa kó ohun ìjà jọ, á máa gòkè láti ìpele kan sí èkejì, odindi ìtàn náà sì lè gba wákàtí 40, ó lè gba 100. Nítorí náà, inú ilé ni àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré tó fẹ́ràn rẹ̀ ti ń gbá a, lórí fóònù, tàbí lórí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n rà nítorí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì BOUESTI, bí iná bá wà, tàbí bí bátìrì bá ṣì gbé e.

Ẹni tó bá gbá irú géèmù bẹ́ẹ̀ pẹ́ á bá ìjà kan pàdé tí kò ní fẹ́ tán. Ẹ kú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tún kú. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì yín á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n gbá ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ṣe géèmù náà ni kò mọ̀ ọ́n ṣírò. Kí ẹ lè mọ èwo ni èwo la ṣe kọ orí yìí, nítorí ohun tí a ń ṣe sí ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ fún èkejì.

Ẹ wo ọpọ́n ayò. Ojúlé 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, gbogbo rẹ̀ sì wà níta gbangba. Bí ọ̀ta ayò bá jẹ yín, ẹ lè kà á padà, kí ẹ rí ojúlé tí ẹ ti ṣì í. Ìjà tó le nìyẹn. Ìjà tó wọ́ ni èyí tí wọ́n ti kó ọmọ ayò méjì pamọ́ sábẹ́ ọpọ́n kí ẹ tó jókòó.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa bi ara yín nígbàkígbà tí ẹ bá kú: kí ló pa mí? Bí ẹ bá lè dáhùn ní gbólóhùn kan, tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ máa ṣe yàtọ̀, ẹ padà síbẹ̀, ìjà náà le lásán ni. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láì lu ọ̀tá rárá. Ẹ máa sá nìkan, ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá tíì yé yín lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìṣirò ló wọ́. Ẹ wá wo èyí tó jọ tiyín nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ọ̀tá tí idà kì í ràn

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀tá kò gbọ́n ju ti àná lọ, kò ní ọgbọ́n ìjà tuntun kankan, ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n kàn fẹ̀. Skyrim, tó jáde ní 2011, ló jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù, nítorí àwọn tó ń gbá a ti tú ìṣirò rẹ̀ síta. Ìpele ìnira mẹ́fà ló ní. Ní ìpele Adept, iye tí idà yín bá ní náà ló ń ṣe. Ní Legendary, tí wọ́n fi kún un ní 2013, ìdámẹ́rin agbára idà yín ló ń wọlé sára ọ̀tá, tirẹ̀ sì ń wọlé sára yín ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ẹ ń gé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó kú di ẹni tí ẹ ń gé ní ìgbà ogójì. Kí ni èèyàn kọ́ nínú ọgbọ̀n tó lé? Kò kọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ lásán ló ń dun ún.

Ní irú géèmù bẹ́ẹ̀, ẹ dín ìnira kù láì tijú. Kò sí ẹni tó ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí nítorí Legendary. Ní Novice, ìlọ́po méjì ni agbára yín, ìdajì ni tọ̀tá; ìyẹn náà á sú yín kíákíá, torí náà, Adept ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó dúró sí.

Ẹ ṣọ́ra ṣá o. Nígbà mìíràn, ohun tó jọ ọ̀tá tí idà kì í ràn jẹ́ àìtó ohun ìjà yín. Ọ̀pọ̀ géèmù àtijọ́ máa ń yọ ààbò ọ̀tá kúrò lára agbára yín. Ká ní agbára yín jẹ́ 20, ààbò ọ̀tá jẹ́ 18: ìpalára 2 péré ló wọlé. Bí ẹ bá ra idà tó sọ agbára yín di 24, ìpalára di 6. Ẹ fi mẹ́rin kún idà, iṣẹ́ rẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí ẹ bá ń rí 1 tàbí 2 lórí ọ̀tá, ẹ má tíì bú ẹni tó ṣe géèmù. Ẹ lọ sí ọjà ìlú tí ẹ dé kẹ́yìn nínú ìtàn náà, kí ẹ náwó.

Ọ̀tá tó ń dàgbà bí ẹ ti ń dàgbà

Ọmọ Yorùbá gbà pé ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó rí èrè iṣẹ́. Oblivion, tó jáde ní 2006, kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìpele yín bá ti ń gòkè, ti ọ̀tá náà ń gòkè, débi pé àwọn olè tó ń dá èèyàn lọ́nà nínú igbó, tó ń bèèrè owó táṣẹ́rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀wù ìjà olówó iyebíye tí ọmọ ọba kò rí wọ̀. Ẹni tó bá gòkè nípa fífò káàkiri àti rírajà, tí kò fi ìjà kọ́ra, á rí i pé òun ti di ọ̀lẹ láàárín àwọn akíkanjú. Ìpele 20 yín á wá nira ju ìpele 5 lọ. Wíwọ́ nìyẹn, kò sí orúkọ mìíràn fún un.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ayé tí ẹ wọ̀. Ẹ padà sí abúlé tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀tá ibẹ̀ bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ayé náà dúró sójú kan, ẹ lè lọ fi ìrọ̀lẹ́ kan gòkè ní ìpele mẹ́ta, ìjà tó ń dà yín láàmú á sì rọ̀. Bó ṣe ń rí nínú àwọn Dragon Quest láti 1986 nìyẹn. Bí ọ̀tá abúlé bá ti le bíi ti ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ yé gòkè. Ìpele kò ní gbà yín. Ohun ìjà, oògùn àti ọgbọ́n ni kí ẹ wá.

Riovanes

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ìjà Riovanes ní líle àti wíwọ́ nínú pọ̀, ẹni tó bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára rẹ̀ á lè yà wọ́n níbikíbi.

Inú géèmù Final Fantasy Tactics ló wà. Ó jáde ní 1997, Yasumi Matsuno ló darí rẹ̀. Ẹ̀dà ti ẹ̀rọ PSP, The War of the Lions, jáde ní 2007, òun sì ni ẹni tó bá ní PPSSPP, áàpù tó ń gbé géèmù PSP, lórí fóònù lè gbá. Ní òpin apá kẹta ìtàn náà, ẹ máa dé ilé olódi kan tó ń jẹ́ Riovanes. Ìjà mẹ́ta ló tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀. Láàárín wọn, géèmù á bi yín bóyá ẹ fẹ́ séèfù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì séèfù lé èyí kan ṣoṣo tó ní lórí. Ó ti há nìyẹn. Kò lè padà sọ́jà, kò lè jáde lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun. Iwájú rẹ̀ ni ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Wiegraf wà, Ramza, akọni tí ẹ ń darí, nìkan ló sì máa kojú rẹ̀, láìsí ẹlẹgbẹ́ kankan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ kò ní dé àfi ìgbà tí Wiegraf bá ti di ẹbọra tó ń jẹ́ Belias. Ọ̀pọ̀ ló ti pa wákàtí 30 tì síbẹ̀ láti ọdún 1997.

Ìjà Wiegraf fúnra rẹ̀ le, kò wọ́. Ó ní ojútùú. Kí ẹ tó wọ Riovanes, ẹ jẹ́ kí Ramza ṣe iṣẹ́ Chemist títí tó fi mọ Auto-Potion. Bí wọ́n bá lù ú, á mu oògùn láì gba ìyípo rẹ̀, bí nọ́ńbà Brave (ìgboyà) rẹ̀ bá sì ti ga tó ni èyí á máa ṣẹlẹ̀ tó. Àṣírí kan wà níbẹ̀: oògùn tó kéré jù nínú àpò ló máa ń kọ́kọ́ mu. Nítorí náà, ẹ ta gbogbo Potion kékeré, kí ẹ fi Hi-Potion tàbí X-Potion nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má lù ú. Ẹ máa sá, kí ẹ máa lo Tailwind fún Ramza fúnra rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń fi 1 kún Speed (ìyára) rẹ̀. Tó bá yá, ìyípo méjì tàbí mẹ́ta á máa kan Ramza kí ọ̀kan tó kan Wiegraf. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ idà.

Séèfù yẹn ló wọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ ìjà kankan nínú pé kí èèyàn há. Orí òrùlé, ìjà kẹta, wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: Rapha ni kí ẹ gbà là, àmọ́ ọmọbìnrin náà kì í gbọ́ tiyín, tinú rẹ̀ ló ń ṣe, wọ́n sì lè pa á kí ìyípo kankan tó kan ẹ̀yin. Kí ló pa mí? Èmi ò tíì ṣe nǹkan kan! Ẹ kó àwọn tí Speed wọn ga jù lọ síbẹ̀, kí gbogbo wọn kọjú sí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀tá ibẹ̀: Elmdore, Celia tàbí Lettie. Bí ẹ̀mí ọ̀kan nínú wọn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, wọ́n á sá, ìjà á sì parí.

Ohun mìíràn nípa géèmù yìí: àwọn ọ̀tá tí ẹ ń bá pàdé lójú ọ̀nà ń dàgbà pẹ̀lú yín, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjà inú ìtàn dúró sójú kan. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun, The Ivalice Chronicles, jáde ní 2025, wọ́n fún un ní ìpele ìnira mẹ́ta àti séèfù tó ń ṣe ara rẹ̀. Ọdún 28 lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ kòtò ni wọ́n tó bò ó.

Kí ẹ yáa ní séèfù mẹ́ta tí ẹ ń yí ká, nínú géèmù yòówù kó jẹ́. Ọ̀kan fún àná, ọ̀kan fún òní, ọ̀kan fún ìgbà tí ẹ ṣì lè padà sọ́jà.

Ìdá ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ìlérí

Nínú Baldur's Gate 3, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2023, dáìsì olójú 20 ló ń pinnu bóyá idà yín bá ọ̀tá. Ẹ rí 65%, ẹ tàsé. Ẹ tún rí 65%, ẹ tún tàsé. Ẹ ní wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Títàsé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra máa ń ṣẹlẹ̀ ní bí ìgbà 12 nínú 100. Nínú ìjà tí ẹ ti ju dáìsì ní ogójì ìgbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé á ṣẹlẹ̀. Kò wọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ wá ohun tí géèmù ń pè ní Advantage: dáìsì méjì ni wọ́n á jù fún yín, èyí tó ga ni wọ́n á mú. 65% á di nǹkan bíi 88%. Ẹni tó fara pamọ́ kó tó lu ọ̀tá ń rí i. Ẹni tó bá lu ọ̀tá tó ti ṣubú sílẹ̀ nítòsí rẹ̀ náà ń rí i. Ètò kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Karmic Dice, tí kì í jẹ́ kí oríburúkú tẹ̀ léra pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́ dáìsì lè pa á.

Elden Ring, fún àwọn tó ní ẹ̀rọ tó gbé e

Fóònù kò gbé e, láptọ́ọ̀pù ilé-ìwé kò sì sábà gbé e, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbí. Géèmù tí Hidetaka Miyazaki darí yìí, tó jáde ní oṣù kejì 2022, kò ní ibi tí èèyàn ti lè dín ìnira kù. Ọ̀pọ̀ ń kú nítorí pé agbára idà nìkan ni wọ́n ń fi owó gòkè wọn ra. Ẹ fi í sínú Vigor, tó ń fi kún ẹ̀mí. Ní 40, ẹ̀mí yín á jẹ́ 1,450. Ní 60, á jẹ́ 1,900. Kọjá ibẹ̀, ẹ dúró: láti 60 dé 99, igba péré ló fi kún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹrù yín kọjá ìdá 70 nínú 100 ohun tí ẹ lè gbé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní lè yẹ idà dáadáa. Ní tèmi, ó le, kò wọ́, àfi nígbà tí ọ̀tá tó tóbi bí ilé bá bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, tí ẹ ò rí ara yín mọ́. Nígbà tí Shadow of the Erdtree tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà 2024, tí ariwo sì pọ̀ pé ó ti le jù, ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn FromSoftware fi fi kún agbára tí àwọn àjẹkù Scadutree ń fúnni. Ẹni tó ń kérora ń rí gbọ́ nígbà mìíràn.

Ohun tí kì í ṣe ẹjọ́ géèmù

Kí ẹ tó dá géèmù lẹ́bi, ẹ yẹ fóònù yín wò. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tó ti bọ́ sí ipò tó ń ṣọ́ iná lò, á máa rìn jẹ́jẹ́, bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ á pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ó sì máa rò pé ọ̀tá ló yára. Ìgbóhùn aláìlókùn máa ń fa ohùn sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ohùn mọ ìgbà tí idà ń bọ̀ yẹ kó lo olókùn, tàbí kó gbọ́ ọ láti inú fóònù fúnra rẹ̀. Orí PPSSPP, séèfù PPSSPP wà, ti inú géèmù náà wà. Ẹ máa ṣe méjèèjì. Ti PPSSPP ń gba èèyàn bí iná bá lọ láàárín ìjà, ṣùgbọ́n ó lè má ṣí mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá gba ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Ti inú géèmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì ìsáré tó wà níbẹ̀ náà dára fún ìgbà tí ẹ bá ń gòkè ní abúlé, kí bátìrì má lọ sórí ijó ìṣẹ́gun tí ẹ ti wò rí.

Irú ìnira kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ bá jà rárá: èyí tí wọ́n fi ń tajà. Genshin Impact, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020, rẹwà, ìjà rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n àǹfààní pé ìfà kan á fún yín ní jagunjagun oníràwọ̀ márùn-ún jẹ́ 0.6%, ìgbà tí ẹ bá fà á dé 90 ni ó dájú. Bí ìjà kan níbẹ̀ bá kọ̀ tí kò tán, tí ìtajà sì ń kan ilẹ̀kùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó dátà tí ẹ fi gbé e wálẹ̀ tó.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe tirẹ̀

Ní oṣù kẹrin 2016, ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, tí Olivier Madiba ń darí, gbé Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Ọmọ ọba kan, Enzo, àti ìyàwó rẹ̀, Erine, ni wọ́n ń jà láti gba ìtẹ́ padà, agbára àwọn baba ńlá ni Enzo sì fi ń jà. Ìtàn ilẹ̀ wa lè gbé géèmù. Èyí tí géèmù Smite ṣe pẹ̀lú Yemọja tún wù mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Smite kì í ṣe RPG: wọn kò fún un ní agbára tí àwọn òrìṣà yòókù ń ná. Omi ni wọ́n fún un, tó ń kún padà fúnra rẹ̀ bí odò. Ẹni tó ṣe é ronú nípa òrìṣà náà kó tó ronú nípa nọ́ńbà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ní Ìkẹ́rẹ́ ti ń wo òkè Olósùnta àti Orólè, tó ń rò ó pé òkè tó dìde jà á dára nínú géèmù. Á dára. Kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà, nítorí Olósùnta ní ọdún tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kó mú ìwé àti gègé: ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n á lu ọ̀tá kékeré kó tó kú? Bó bá ju mẹ́fà lọ, kó ní ìdí. Àṣìṣe mélòó ni ẹni tó ń gbá a lè ṣe kó tó kú? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, kí àmì tó ń kìlọ̀ fún un hàn gbangba. Báwo ni séèfù ṣe jìnnà sí ọ̀gá ọ̀tá? Kò gbọ́dọ̀ ju ìrìn ìṣẹ́jú kan lọ, nítorí iná lè lọ.

Bó bá parí, kó gbé fóònù náà fún ẹni tí kò rí géèmù náà rí, àbúrò tàbí aládùúgbò, kó jókòó tì í, kó pa ẹnu mọ́. Kó má ṣàlàyé, kó má nawọ́ sí nǹkan kan. Kó máa kọ ibi tí ẹni náà ti ń kú sílẹ̀, àti ohun tó sọ nígbà tó kú. Bí ẹni náà bá ní "ẹ̀bi mi ni," kó fi ìjà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá ní "kí lèyí?", kó lọ tún un ṣe.